Ẹ̀jẹ́ Jethro àti Bàtà Onírin

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí sùúrù ṣe ń tán lára èèyàn, kó lọ ṣe ọ̀gá fún àwọn ọkùnrin tí wọ́n gbà pé àwọn ti mọ iṣẹ́ tán. Salome ti ṣe é pẹ́. Ó ti ṣe é débi pé bó bá ti lajú láàárọ̀, kó tó gbàdúrà, ìbáwí tó máa bá wọn wí ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe epo pupa ni, lójú ọ̀nà tó jáde láti Okitipupa lọ sí Igbotako. Salome ni alábòójútó sító. Epo tí wọ́n bá rọ sínú kẹ́ẹ̀gì, orí pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní páléètì ni wọ́n ń tò ó sí, wọ́n á wá fi jáàkì gbé e lọ síbi tí ọkọ̀ dúró sí. Kì í ṣe jáàkì àwọn fọkanáísà, èyí tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ mọ́tò. Eléyìí ní irin gígùn méjì tó máa ń wọ abẹ́ páléètì, ó ní ọ̀pá kan tí wọ́n ń tẹ̀ sókè sódò títí ẹrù á fi gbéra nílẹ̀, ó sì ní táyà kéékèèké tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òkúta àti ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn. Ẹnì kan ṣoṣo lè fi fa ẹrù tí odindi agbo ọkùnrin ò lè gbé. Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà, torí ohun tó rọrùn láti fà kì í rọrùn láti dá dúró.

Àràárọ̀ ni Salome ń sọ ọ́ fún wọn. Ẹ má gun jáàkì, kì í ṣe ọ̀kadà. Ẹ má to kẹ́ẹ̀gì ga ju àyà yín lọ. Bí epo bá dà sílẹ̀, ẹ nù ún kẹ́ ẹ tó gba ibẹ̀ kọjá. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má dúró sísàlẹ̀ ẹrù. Ẹ wọ bàtà onírin yín, torí irin tó wà níwájú rẹ̀ ló máa bá yín gba ohun tí ìka ẹsẹ̀ yín ò lè gbà. Wọ́n á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "A ti gbọ́, Mọ́mì." Kó tó dé ìdí àga rẹ̀, Dominic á ti gun jáàkì, á fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀, á máa yọ̀ tẹ̀rẹ́ lọ láàárín sító bí ọmọdé tó rí ibi tó ń yọ̀. Bó bá kígbe mọ́ ọn, á sọ̀ kalẹ̀, á bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, á tún gùn ún. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, ń ṣe ló ń le koko.

Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan wà tí kì í bí i nínú, ìyẹn ni Jethro. Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà, Erinje ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì. Ọ̀kadà ni Jethro ń gùn tẹ́lẹ̀, láàárín Igbotako àti Okitipupa, eré rẹ̀ sì pọ̀ débi pé Salome kì í lè jẹun bí òjò bá ń rọ̀ tí kò tíì rí i. Òun ló bá a wá iṣẹ́ síbí kí ọkàn òun lè balẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Jethro mọ jáàkì í fà ju gbogbo wọn lọ, ó lè yí i po láàárín páléètì méjì láìfi ara kan kẹ́ẹ̀gì kan. Ohun kan ṣoṣo tí kò fi sílẹ̀ látinú ọ̀kadà ni pé, bó bá fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ nà sílẹ̀. Salome ti bá a wí lórí ìyẹn títí. Jethro á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, irin wà níbẹ̀ kẹ̀," á sì fi ìka kan orí bàtà rẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Jethro wọlé wá síbi iṣẹ́ láìwọ bàtà.

Salome kọ́kọ́ rò pé inú sító ló ti fẹ́ wọ̀ ọ́. Ó dúró. Jethro kọjá lára rẹ̀, ó kí i, ó di ọ̀pá jáàkì mú.

"Bàtà rẹ dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tó bá yá."

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mò ń wò báyìí. Mi ò tíì dé ibi tó bá yá."

Jethro wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá fà á lọ sí kọ̀rọ̀. Ó ní Salome náà mọ̀ pé oyún kì í dúró lára Vivian, ìyàwó òun. Ó ní Vivian ti tún lóyún. Ó ní Màmá Wòlíì Mildred ti ríran sí àwọn, wọ́n rí òun lórí ìkúnlẹ̀, ẹsẹ̀ òun wà lórí ilẹ̀ lásán, ọmọ sì ń ké lẹ́yìn òun. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun ò gbọdọ̀ wọ bàtà títí di ọjọ́ Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Òun sì ti mú àbẹ́là dání, òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ.

Kẹ́nikẹ́ni má ṣe rò pé Salome jẹ́ ẹni tó ń fi ìríran ṣẹ̀sín. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Bó bá ti wọ sùtánà rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn dé ilé Ọlọ́run, lórí ọ̀dà gbígbóná, kò sì kùn rí. Ká ní ẹlòmíràn ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, "Àmín" ni ì bá fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ìgbà méjì tí oyún ti bọ́ lára Vivian sẹ́yìn, Salome ló gbé e lọ sí ọsibítù, òun ló sì fọ aṣọ rẹ̀. Ó fẹ́ ọmọ náà bí ẹni pé inú tirẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n ó mọ Ọlọ́run, ó sì mọ jáàkì, kò sì sí ibi tó ti rí i kà pé jáàkì máa ń bẹ̀rù ẹni tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́.

Nígbà tínú bá bí Salome, èdè ilé ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ùwọ Jethro," ó ní, "fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀. O ò ní fa jáàkì títí di Ìkórè. Lọ jókòó ti àwọn obìnrin tó ń lẹ orúkọ mọ́ kẹ́ẹ̀gì lára."

Jethro fi ọ̀pá sílẹ̀. Ojú tì í, torí àwọn yòókù ń wò ó, ṣùgbọ́n ó lọ. Salome rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀gá Adéjọbí ló kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀ pé kò tíì parí. Òun ni máníjà pátápátá, ọkùnrin tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó ń mú inú rẹ̀ dùn láyé ni ọkọ̀ tó kẹ́rù tó ń jáde ní géètì. Ó pe Salome sí ọ́fíìsì. Ó ní iṣẹ́ ti ń falẹ̀ látìgbà tí Dominic nìkan ti ń fa jáàkì.

"Sà, Jethro ò wọ bàtà."

"Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń fà á ni?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sára ògiri pé ẹni tí kò bá wọ bàtà kò gbọdọ̀ wọlé."

"Èmi ni mo kọ ọ́, mi ò jiyàn," Ọ̀gá Adéjọbí dáhùn. "Ṣùgbọ́n ògiri ò ní bá mi kẹ́rù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, ẹ jẹ́ ká fi òye bá a lò. Jethro kì í ṣe ọmọdé."

Salome ò tíì rí òye irú èyí rí, òye tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ kí Jethro padà sídìí jáàkì, kí wọ́n yọ òun kúrò ní sító ná. Máníjà mí kanlẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe pé ó gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Vivian wá bá a nílé. Ó gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja dání, ó kúnlẹ̀ kó tó gbé e kalẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Salome ti ní kó má kúnlẹ̀ mọ́.

"Màmá, mo gbọ́ pé ẹ ní kí Jethro wọ bàtà."

"Mi ò ní kó wọ ọ́. Mo ní kó má dé ìdí jáàkì."

"Wọ́n ní ẹ ń bínú sí i." Omi ti lé sójú rẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ọmọ náà ti ń yí nínú mi báyìí. Èyí tó lọ sẹ́yìn ò dàgbà tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká kan ṣe é bí wọ́n ṣe wí i."

Salome jẹ púpurú náà, kò sì mọ adùn rẹ̀ lẹ́nu. Ó rí i pé bí òun bá fi agbára bọ bàtà sí àbúrò òun lẹ́sẹ̀, tí nǹkan kan wá ṣe oyún yẹn, kò sí omijé tó máa fọ̀ ọ́ kúrò lára òun. Bí òun bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níwájú táyà lójoojúmọ́. Ọ̀nà kan ló kù, ìyẹn ni kí wọ́n padà lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ríran.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó dúró de Màmá Wòlíì Mildred lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ti dàgbà, ohùn wọn tutù, búrẹ́dì ni wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ rí lórí ìríran. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn le fún Salome láti gbá dànù. Bí ó bá jẹ́ gbájúẹ̀ ni wọ́n, ì bá rọrùn.

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ó fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe jáàkì, bí irin rẹ̀ ṣe gùn tó, bí ẹrù orí rẹ̀ ṣe wúwo tó, bí ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń kẹ́rù ṣe dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

"Ẹ̀mí ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ kankan," Màmá Mildred ní. "Ẹsẹ̀ lásán ni mo rí."

"Màmá, ṣé ó lè wọ ọ́ níbi iṣẹ́ nìkan? Bó bá dé ilé, kó bọ́ ọ. Bó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, kó bọ́ ọ."

"Èmi kọ́ ni mà á pín in bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Mà á béèrè. Mà á gbààwẹ̀ sí i."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Bí ìdáhùn bá dé, ọjọ́ tó wù kó jẹ́, ẹ fi fóònù pè mí."

Màmá Mildred rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò ní ìkà kankan nínú. "Salome, ìwọ náà dàgbà sínú ìjọ. Iṣẹ́ Ẹ̀mí kì í gba inú fóònù. Iwájú pẹpẹ la ti ń jẹ́ ẹ, ní ìsìn ọjọ́ Jímọ̀ọ́, ẹni tó ni ín á sì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi lé wa lọ́wọ́ nìyẹn."

Lóòótọ́, bí wọ́n ṣe fi lé wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Salome dágbére fún wọn. Ó ka ọjọ́ tó kù, ó rí i pé Jímọ̀ọ́ ò jìnnà, ó sì lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, tírélà kan ti dé láti Ọ̀rẹ̀, dírẹ́bà rẹ̀ sì ti fi í dí ọ̀nà géètì gbọnrangandan. Salome jáde lọ bá a jà. Ó bá a jà dáadáa. Bó ṣe ń ṣàlàyé fún un pé tírélà kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ibi tó bá wuni, Ọ̀gá Adéjọbí ti yọ orí sí sító, ó ti rí Jethro nídìí àwọn tó ń lẹ orúkọ, ó sì ti ní, "Jethro, dìde, ran Dominic lọ́wọ́, tírélà yìí gbọ́dọ̀ jáde kójò tó tún dé." Jethro wo ẹ̀yìn, kò rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀gá ló pè é. Ó dìde.

Gbogbo òfin tí Salome máa ń kà fún wọn láàárọ̀, kò sí ọ̀kan tí wọn ò rú lọ́jọ́ yẹn. Dominic ti to kẹ́ẹ̀gì kọjá orí ara rẹ̀ kí ìrìn lè dín. Kẹ́ẹ̀gì kan ń jò, epo ti dà sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ síbi tí ọkọ̀ ń dúró sí, wọ́n ní àwọn á nù ún tó bá yá. Dominic gun jáàkì, ó fẹ́ fi ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn kó má baà sáré. Jethro sì dúró sísàlẹ̀ ẹrù, kó lè máa júwe ọ̀nà fún un.

Dírẹ́bà ti wá gbé tírélà sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Salome sì ti ń padà bọ̀ láti géètì. Ó rí wọn lókèèrè. Ó rí páléètì tó ga bí ilé, ó rí Dominic lẹ́yìn rẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ ní ìhòòhò lórí epo. Ó pe orúkọ rẹ̀. Kò mọ̀ títí dòní bóyá ì bá sàn kó má pè é.

Táyà yọ̀. Jáàkì sáré. Dominic bẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń bẹ́ sílẹ̀. Jethro ráyè yẹra, àwọn tó wà níbẹ̀ ni wọ́n jẹ́rìí sí i pé ó ráyè dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ti ń dá ọ̀kadà dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún ò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jethro nà án síwájú táyà láti fi dá jáàkì dúró, bí ẹni pé irin ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọsibítù, dókítà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta ti lọ, wọn ò sì ṣeé so padà mọ́. Salome jókòó sórí bẹ́ǹṣì, epo pupa ti gbẹ sí i láṣọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, èèyàn ò sì lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀. Inú bí i sí Ọ̀gá Adéjọbí. Inú bí i sí Dominic, tó ń sunkún nítòsí ẹnu ọ̀nà. Inú bí i sí dírẹ́bà tírélà, ó sì bí i sí òjò. Ó tilẹ̀ bí i sí ara ẹsẹ̀ náà, ẹsẹ̀ olóríkunkun tí kò gbọ́ ìbáwí rí. Àwọn kan láti ibi iṣẹ́ ti ń sọ pé iṣẹ́ ayé ni. Ó ní kí ẹni tó bá tún sọ bẹ́ẹ̀ dìde níwájú òun.

Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá Wòlíì Mildred dé, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Wọn ò jókòó. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Salome, arúgbó bí ìyá rẹ̀, wọ́n sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ìdáhùn ti dé," wọ́n ní.

"Ìdáhùn wo, Màmá?"

"Kó wọ bàtà níbi iṣẹ́. Kó bọ́ ọ nílé àti nílé Ọlọ́run. Bí o ṣe wí i gan-an ni mo ṣe rí i."

Salome wò wọ́n. "Ìgbà wo ló dé?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Salome tẹ̀ sún mọ́ wọn. "Fóònù yín ńkọ́?"

"Ó wà lápò mi." Màmá Mildred ti ń sunkún. "Mo gbé e jáde, mo sì dá a padà. Mo ní kí n dúró de ìsìn Jímọ̀ọ́ ọ̀la, kí n jẹ́ ẹ bó ṣe yẹ."

Salome ò rí ìbínú kankan mọ́ nínú ara rẹ̀ láti fi bá arúgbó náà jà. Ó wá gbogbo rẹ̀ tì. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ti ń pariwo sínú kànga láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó fa Màmá dìde, ó sì fi wọ́n jókòó tira rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó tún yani lẹ́nu jù. Nígbà tí wọ́n dá Jethro sílẹ̀, wọ́n fún un ní sílípáàsì fún ẹsẹ̀ tó kù. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní ilé ni òun ń lọ, kì í ṣe ibi iṣẹ́, Ìkórè ò sì tíì dé. Ó fi ọ̀pá rìn jáde lórí ẹsẹ̀ lásán kan àti ẹsẹ̀ kan tí wọ́n fi báńdéèjì dì, Salome gbé sílípáàsì náà dání tẹ̀ lé e títí wọ́n fi dé Erinje. Ọ̀gá Adéjọbí ní tirẹ̀ ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní kí wọ́n tún ìwé ara ògiri kùn, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi sí i.

Vivian bí ọmọkùnrin kí Ìkórè tó dé. Wọ́n sọ ọ́ ní Olúwatóbilọ́ba. Lọ́jọ́ Ìkórè, láàárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo tí àwọn ọmọ ìjọ kó wá síwájú pẹpẹ, Jethro àti ìyàwó rẹ̀ jáde wá jẹ́rìí pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Gbogbo ìjọ rí ọmọ, gbogbo ìjọ sì rí ẹsẹ̀, torí kò sẹ́ni tó wọ bàtà níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ́ ti ṣẹ. Wọ́n ní ọmọ ni ọ̀tá fẹ́ gbà, ìka ló rí gbà. Halelúyà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ jáàkì. Salome gbé ọmọ náà, ó fi imú kan orí rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tọkàntọkàn, inú sì ń bí i bó ṣe ń dúpẹ́. Màmá Mildred wà ní ìjókòó iwájú. Wọn ò ké halelúyà.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ajé, Jethro padà síbi iṣẹ́. Ó wọ bàtà onírin rẹ̀. Nítorí ìka tí kò sí mọ́, ó ti ki àkísà bọ iwájú rẹ̀ kó má baà máa bọ́. Inú Salome dùn sí àkísà yẹn ju ìlérí èyíkéyìí lọ.

Ó yíjú, ó rí Dominic nídìí jáàkì. Dominic ò wọ bàtà.

Salome kọ́kọ́ di ojú, kó lè jẹ́ pé nígbà tó bá là á, nǹkan mìíràn ló máa rí. Ó là á. Ẹsẹ̀ lásán náà ni.

"Dominic."

"Mọ́mì, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Rose ìyàwó mi náà ń wá ọmọ. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ lánàá níwájú pẹpẹ."

"Ta ló ríran sí ọ?"

"Kò sẹ́ni tó ríran. Èmi fúnra mi ni mo rí i pé ẹ̀jẹ́ náà ṣiṣẹ́ fún Jethro."

"Ìwọ lo wà lórí jáàkì," Salome ní. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Ìwọ lo bẹ́ sílẹ̀. Ìwọ lo bá wa gbé Jethro lọ sí ọsibítù. Kí lo rí tó ṣiṣẹ́?"

Dominic wolẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ọ̀pá mú ṣinṣin, ojú rẹ̀ sì le bí ojú ẹni tó ti pinnu pé kò sí ẹ̀dá tó lè dá òun padà. Salome mọ ojú yẹn. Ó ti rí i lójú ọmọ ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi àárọ̀ dé alẹ́ sọ̀rọ̀, "A ti gbọ́, Mọ́mì" ni òun máa gbà. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá jáàkì náà níwájú ọwọ́ Dominic. Ó fi ọwọ́ kejì yọ fóònù, ó pe Màmá Wòlíì Mildred, ó sì tẹ ibi tí gbogbo ènìyàn á ti gbọ́ ohùn wọn.

"Màmá, Salome ni. Dominic wà níbí pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ó ní òun jẹ́jẹ̀ẹ́ lánàá, nítorí ọmọ."

Nínú fóònù, gbogbo sító ń gbọ́ ìró ẹni tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Màmá.

"Dominic, wọ bàtà rẹ," Màmá Mildred ní.

Dominic tẹ̀ sórí fóònù. "Màmá, ṣé Ẹ̀mí ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá. Èmi ni mo sọ ọ́. Mi ò tíì béèrè. Mà á béèrè, mà á sì kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ kí wọ́n bá mi wí bí mo bá ṣì í sọ. Àmọ́ wọ bàtà rẹ báyìí, kí n gbọ́ ọ bó o ṣe ń wọ̀ ọ́."

Dominic wo Jethro. Jethro fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ kan iwájú bàtà ara rẹ̀ níbi tí àkísà wà. Dominic fi ọ̀pá jáàkì sílẹ̀, ó lọ sí kọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí, ó sì jókòó lórí páléètì òfìfo kan. Salome na fóònù sí i nísàlẹ̀ níbẹ̀, kò sì gbé e kúrò títí ó fi so okùn bàtà kejì tán.